Ta Ló Sanwó Oúnjẹ Dókítà? Òfin Amẹ́ríkà Tó Ń Tú Ẹ̀bùn Iléeṣẹ́ Oògùn Síta

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé àkọsílẹ̀ ńlá kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn dókítà ló kún inú ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, èèyàn á rí iléeṣẹ́ tó fún dókítà náà ní nǹkan, ọjọ́ tó fún un, iye owó ẹ̀, oògùn tọ́rọ̀ náà dá lé, àti ohun tó gbà gan-an: ì báà jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, yàrá òtẹ́ẹ̀lì, owó ìmọ̀ràn, tàbí owó tí wọ́n san fún un torí pé ó bá àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oògùn níbi àsè alẹ́. Open Payments lorúkọ àkọsílẹ̀ náà. Àjọ CMS, tó ń bójú tó ètò ìlera ìjọba, ìyẹn Medicare tó wà fáwọn àgbàlagbà àti Medicaid tó wà fáwọn tí kò lówó, ló ń tọ́jú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣí i wò láìsan kọ́bọ̀. Òfin tó bí àkọsílẹ̀ yìí ò ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò: dókítà tó kàwé jáde ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston báyìí, wà lábẹ́ ẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Owó ọdún 2023 nìkan lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là. Kí ẹnikẹ́ni má tíì pariwo. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ owó ìwádìí, tí wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn àti dókítà tó ń dán oògùn tuntun wò, aráyé ò sì lè rí oògùn tuntun lò láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn jẹ́ owó ẹ̀tọ́ dókítà tó fi ọpọlọ ara ẹ̀ ṣe irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ jáde. Àwọn yẹn kọ́ ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wò. Oúnjẹ ọ̀sán ni.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù ní kíníìkì kan. Ọmọbìnrin kan tó múra dáadáa wọlé, ó gbé oúnjẹ tó tó èèyàn mẹ́wàá jẹ dání. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, látorí ẹni tó ń gba fóònù dórí nọ́ọ̀sì. Òun náà mọ̀ wọ́n, ó mọ ẹni tí kì í jẹ ẹran, ó mọ ọmọ dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Aṣojú iléeṣẹ́ oògùn ni, ẹni tí a ń pè ní medrep nílé. Dókítà jókòó, ó ń jẹun, medrep sì ń sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun sí i létí títí tí abọ́ fi tán. Kó tó máa lọ, ó gba orúkọ àwọn tó jẹun. Lábẹ́ òfin, iléeṣẹ́ náà á pín owó oúnjẹ sí iye èèyàn tó jẹ ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kíníìkì pẹ̀lú, ìpín tó bá bọ́ sọ́rùn dókítà ló máa wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba. Dókítà tí kò bá fẹnu kàn án, orúkọ ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀.

Ṣé oúnjẹ lásán lè yí ọwọ́ ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ ìṣègùn padà? Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń bínú tí wọ́n bá gbọ́ ìbéèrè yìí, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ohun tó dáa fún aláìsàn làwọn ń kọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ Open Payments ṣe. Dókítà tó lé ní 279,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi ohun tí dókítà gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wé oògùn tó kọ fáwọn aláìsàn Medicare. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n mú: rosuvastatin tó wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, nebivolol àti olmesartan tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti desvenlafaxine tó wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fáwọn dókítà náà, 95 ló jẹ́ oúnjẹ, owó ẹ̀ ò sì tó 20 dọ́là tí a bá pín in dọ́gba. Síbẹ̀, dókítà tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń kọ oògùn olówó ńlá iléeṣẹ́ náà ju dókítà tí kò jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ oògùn mìíràn tó jọ ọ́, tí owó ẹ̀ kéré, wà nílẹ̀. Bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí i.

Àwọn tó ṣèwádìí náà ò sọ pé oúnjẹ ló fà á. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ti fẹ́ràn oògùn náà tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbà kí medrep wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ àbájáde yẹn kò ní yà á lẹ́nu púpọ̀: ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. A ti mọ̀ pé kì í ṣe owó gọbọi nìkan ló ń di èèyàn lójú. Ọpẹ́ kékeré tó wà lọ́kàn èèyàn, tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, lágbára ju ẹ̀gúnjẹ tó mọ̀ pé òun gbà lọ.

Iléeṣẹ́ oògùn ò náwó lásán ṣá. Ó mọ ohun tó ń padà sílé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìtajà oògùn máa ń ta àkọsílẹ̀ ìwé oògùn tí wọ́n bá gbà. Wọ́n á yọ orúkọ aláìsàn kúrò, wọ́n á fi ti dókítà sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ bíi IMS Health, tó ń jẹ́ IQVIA báyìí, á rà á, wọ́n á tò ó, wọ́n á tà á fún iléeṣẹ́ oògùn. Nítorí náà, kí medrep tó kan ilẹ̀kùn dókítà, ó ti mọ iye ìgbà tó kọ oògùn òun àti iye ìgbà tó kọ ti ẹlòmíì. Ìpínlẹ̀ Vermont ṣòfin pé kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró. Iléeṣẹ́ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin náà. Adájọ́ mẹ́fà fara mọ́ ọn, mẹ́ta ò gbà. Wọ́n ní òfin Vermont ń du iléeṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Iléeṣẹ́ mọ ohun tí dókítà kọ. Dókítà mọ ohun tí iléeṣẹ́ fún òun. Aláìsàn tó máa gbé oògùn náà mì, tó sì máa sanwó ẹ̀, nìkan ni kò mọ nǹkan kan.

Bí òfin náà ṣe wáyé

Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí, lọ́dún 1993. Vermont àtàwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan tẹ̀ lé e. Sẹ́nétọ̀ méjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Washington lọ́dún 2007: Chuck Grassley láti Iowa, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, àti Herb Kohl láti Wisconsin, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Àbá wọn ò kọjá nígbà yẹn. Grassley ò jókòó tẹtẹrẹ. Ó kọ̀wé sí àwọn yunifásítì, ó ní kí wọ́n fi iye táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ní àwọn gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ránṣẹ́ sóun. Ó tún kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ oògùn, ó ní kí wọ́n fi iye tí wọ́n san ránṣẹ́. Ó wá gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Wọn ò bára mu. Lọ́dún 2008, ó fi yé aráyé pé àwọn dókítà Harvard tó lókìkí nínú ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ti gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là tí wọn ò sọ gbogbo ẹ̀ fún yunifásítì wọn. Ó ní olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní yunifásítì Emory gba mílíọ̀nù 2.8 dọ́là láàárín ọdún 2000 sí 2007, ó sì fi ó kéré tán mílíọ̀nù 1.2 pa mọ́ nínú ẹ̀. Òfin yunifásítì sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ni kò sí.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nínú ìyẹn ni pé wọn ò lè fi ìjẹ́wọ́ sí dókítà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gbé òfin náà kalẹ̀ nìyẹn: iléeṣẹ́ tó fúnni ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe dókítà tó gbà á. Iléeṣẹ́ ní akáǹtì, ó ní rìsíìtì, ó ní olùṣírò owó. Owó tó bá jáde lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní ojú ibi tó gbà jáde. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó dáa jù nínú òfin náà ni. Nígbà tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin ìlera ńlá ẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2010, ti Grassley àti Kohl wà nínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abala 6002. Physician Payments Sunshine Act ni wọ́n ń pè é.

Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ jọ, ó sì kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Oṣù márùn-ún péré ló wà nínú ti àkọ́kọ́ yẹn, síbẹ̀ owó bílíọ̀nù 3.5 dọ́là ló wà níbẹ̀, ìgbà mílíọ̀nù 4.4 ni wọ́n san án, dókítà 546,000 àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó sún mọ́ 1,360 ló gbà á.

Níbẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tí owó ẹ̀ bá tó dọ́là mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wọlé, tàbí tí àwọn kéékèèké bá papọ̀ di ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́dún. Iye yẹn máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọjà ṣe ń wọ́n. Dókítà ní ọjọ́ 45 láti wo ohun tí wọ́n kọ nípa òun kó tó jáde, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kó ta kò ó. Iléeṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pa mọ́ lè san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ òfin náà lójú lọ́dún 2018, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó láṣẹ láti kọ oògùn àtàwọn agbẹ̀bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti wọ inú ẹ̀. Ọdún 2021 ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn àyọsílẹ̀ kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oògùn ọ̀fẹ́ tí medrep ń kó fún dókítà kó fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kì í sí nínú àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an jẹ́ ọ̀nà kan tí oògùn olówó ńlá fi ń wọ ara aláìsàn: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, oṣù tó kù di tirẹ̀.

Ilé oúnjẹ ní Sioux Falls

Ẹjọ́ kan wà tó fi bí nǹkan ṣe ń lọ hàn kedere. Nílùú Sioux Falls, ní ìpínlẹ̀ South Dakota, dókítà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó tún ní ilé oúnjẹ kan tó ń se oúnjẹ Brazil. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Medtronic, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irinṣẹ́ ìṣègùn, pé láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ó sanwó àpèjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílé oúnjẹ dókítà yẹn. Dókítà ló ń sọ pé kí wọ́n wá ṣe é, òun náà ló ń yan àwọn ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ tó máa wá jẹ ẹ́. Ìjọba ní torí kó lè máa lo ẹ̀rọ kan tí Medtronic ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi sínú ara aláìsàn láti máa tú oògùn síbẹ̀, ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó gbé àpò owó fún dókítà. Oúnjẹ ni wọ́n rà. Àpò tí owó oúnjẹ náà ń wọ̀ ni kókó.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, Medtronic gbà láti san owó tó lé ní mílíọ̀nù 9.2 dọ́là láti parí ẹjọ́ ọ̀hún. Mílíọ̀nù 1.11 nínú ẹ̀ jẹ́ torí pé wọn ò kọ àwọn owó yẹn sínú Open Payments bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ àsè alẹ́ tún lágbára ju ìyẹn lọ. Iléeṣẹ́ á pe dókítà kan ní olùbánisọ̀rọ̀, wọ́n á sanwó fún un kó wá ṣàlàyé oògùn fáwọn dókítà yòókù nílé oúnjẹ olówó ńlá. Nínú ẹjọ́ Insys Therapeutics, tó ń ta Subsys, oògùn fentanyl tí wọ́n ń fín sí abẹ́ ahọ́n, tí ìjọba fọwọ́ sí fún ìrora àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ó hàn pé ọ̀pọ̀ irú ìpàdé yẹn ò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú. Bí dókítà bá ṣe ń kọ oògùn náà tó ni owó ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe ń tó. Fentanyl kì í ṣe oògùn ọ̀fìnkìn; ó ń pa èèyàn. Ilé ẹjọ́ ní Boston dá John Kapoor, tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́bi lọ́dún 2019, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ààbọ̀ lóṣù kìíní ọdún 2020. Lọ́dún 2020 yẹn kan náà, iléeṣẹ́ oògùn Novartis san mílíọ̀nù 678 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí ìjọba pè é lórí irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ọ́fíìsì ọ̀gá olùṣàyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo iléeṣẹ́ oògùn. Ó ní owó tó sún mọ́ bílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n ti san lórí ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ọdún mẹ́ta, ó sì wo inú Open Payments kó tó mọ iye yẹn.

Akọ̀ròyìn náà ń wò ó. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, New York Times àti ProPublica gbé àkọsílẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àpilẹ̀kọ tí José Baselga kọ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Òun ni olórí àwọn dókítà nílé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York nígbà yẹn. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ, kò sọ pé òun gbowó lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ta ló ń ṣí i wò?

Aláìsàn kọ́. Nígbà tí àkọsílẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí bi àgbàlagbà tó lé ní 3,500 léèrè ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún, 65 ló ti lọ rí dókítà tó gba nǹkan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ láàárín ọdún kan. Márùn-ún péré ló mọ̀ bóyá dókítà tiwọn gbà tàbí kò gbà.

Àwọn kan máa ń lo èyí láti fi bẹnu àtẹ́ lu òfin náà. Wọ́n ní kí ni àǹfààní ohun tẹ́nikẹ́ni ò kà? Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí àyà ń dùn, tó di apá òsì mú, kò lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún wá orúkọ dókítà lórí fóònù. Ẹrù yẹn ò yẹ aláìsàn. Àwọn tó yẹ kó kà á ni akọ̀ròyìn, olùwádìí, agbẹjọ́rò ìjọba, àti àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń kà á. Ìwádìí oúnjẹ 20 dọ́là yẹn, òun ló bí i.

Ìbáwí tó wúwo jùyẹn lọ ni pé owó náà ò dín kù. Àwọn tó ro ìtìjú pọ̀ mọ́ òfin rò pé tí orúkọ bá ti jáde, ọwọ́ á kúrò nínú abọ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA lọ́dún 2024 ṣe àròpọ̀ ọdún 2013 sí 2022: yàtọ̀ sí owó ìwádìí, àwọn dókítà gba bílíọ̀nù 12.1 dọ́là, ó sì lé ní ìdajì gbogbo dókítà tó gbà. Xarelto, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ló gbawájú láàárín àwọn oògùn, pẹ̀lú mílíọ̀nù 176. Èèyàn díẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ò gbà ju owó oúnjẹ lọ. Ohun tí mo rí nínú iye yìí ni pé títú àṣírí nìkan kì í dáwọ́ nǹkan dúró. Ó ń jẹ́ ká rí ibi tó yẹ ká gbé òfin mìíràn lé ni.

Àwọn ará Faransé náà ti ní tiwọn. Ọ̀rọ̀ Mediator ló ṣí wọn lójú, oògùn iléeṣẹ́ Servier tí wọ́n tà láti ọdún 1976 títí di 2009, tó ba ọkàn àwọn èèyàn jẹ́, títí tí Irène Frachon, dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní Brest, fi pariwo ẹ̀ síta. Lóṣù kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n ṣòfin, ohun tó bá ti tó yúrò mẹ́wàá gbọ́dọ̀ hàn. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ dókítà wa sá lọ, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ oògùn fúnra wọn ló ń gbé Disclosure UK jáde láti ọdún 2016. Dókítà tí kò bá fẹ́ kórúkọ òun hàn lè kọ̀, wọ́n á sì da owó tiẹ̀ pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Lóṣù keje ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Baroness Cumberlege, tó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ṣe ní jàǹbá wò, dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di dandan bíi ti Amẹ́ríkà.

Nílé ńkọ́?

Ẹni tó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù ìjọba láàárọ̀ á ti rí wọn: ọmọkùnrin tó so táì, ọmọbìnrin tó gbé báàgì aláwọ̀ dúdú, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bírò tó wà lọ́wọ́ dókítà lórúkọ oògùn lára, kàlẹ́ńdà ara ògiri náà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn dókítà, medrep á sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ìrẹsì àti adìyẹ á yọjú. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráàlú láti rí.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú dókítà wa. Ìjọba tó yẹ kó rán wọn lọ sí ìpàdé ìmọ̀ kì í rán wọn, iléeṣẹ́ oògùn ló ń sanwó ẹ̀. Ẹlòmíì á sọ pé oògùn olórúkọ ni òun ń kọ torí ẹ̀rù ayédèrú oògùn, kò sì purọ́, gbogbo wa la mọ ohun tó wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn gan-an ló fi yẹ ká mọ ẹni tó sanwó oúnjẹ. Tí dókítà bá ní kí ìyá arúgbó ra èyí tó wọ́n, ó yẹ kí ìyá náà lè gbà á gbọ́ pé torí àlàáfíà òun ni. Nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń jáde látàpò ẹni tó ń ṣàìsàn àtàwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò adójútòfò ló máa ń gba èyí tó pọ̀ nínú ìyà orúkọ tí dókítà kọ. Níbí, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ló ń jẹ ẹ́.

A kì í ṣe aláìlófin pátápátá. Àfikún Karùn-ún nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun torí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó tún sọ pé ẹ̀bùn tó bá wá látọwọ́ iléeṣẹ́ okòwò, a óò kà á sí pé ó lòdì sí òfin àfi tí ẹni tó gbà á bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn látọwọ́ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ nìkan ló gbà láàyè, níwọ̀n tí àṣà bá mọ. Dókítà ọsibítù ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Òfin ti wà. Ìwé tí wọ́n á kọ ọ́ sí ni kò sí.

Ibi méjì wà tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ láìdá àjọ tuntun kankan sílẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ kí iléeṣẹ́ tó tún padà wá forúkọ oògùn sílẹ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà fún àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ náà ti fún dókítà àti ọsibítù. Lọ́dọọdún ni dókítà ń gba ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ MDCN, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pé iye. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn: orúkọ iléeṣẹ́ tó sanwó gbọ̀ngàn, tó sanwó oúnjẹ, àti oògùn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e síta níbi tí gbogbo aráàlú ti lè rí i.